Wúrà inú ẹ̀wù funfun: bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn tún omi ṣe

Lọ́dún 1972, onímọ̀ méjì ará Japan, Akira Fujishima àti Kenichi Honda, fi han ayé pé ìmọ́lẹ̀ lè pín omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn bí ó bá tàn sára titanium dioxide. Orúkọ yẹn lè ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n nǹkan náà kì í ṣe àjèjì: òun ni ẹtu tó ń mú kí ọ̀dà ilé wa funfun.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ẹtu yìí nínú omi, ó lè pa kòkòrò àrùn, ó sì lè ba aró tó ti dàpọ̀ mọ́ omi jẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí ìdá 5 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló lè lò, ìyẹn apá tí ojú wa kò rí. Ìyókù ń ṣòfò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi wúrà tàbí fàdákà sínú rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á se omi tí iyọ̀ wúrà wà nínú rẹ̀, wọ́n á da citrate sí i, iyọ̀ tó bá ekan inú ọsàn wẹ́wẹ́ tan. Láìpẹ́, omi náà á pọ́n bí wáìnì. Wúrà ti di hóró tó kéré gan-an: bí a bá to 50,000 wọn sórí ìlà, gbogbo rẹ̀ lè má ju mìlímítà 1 lọ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa kán èròjà titanium sí i díẹ̀díẹ̀, kó bo hóró kọ̀ọ̀kan bí ìyẹ̀fun ṣe ń bo ẹ̀pà. Ẹ̀yin tó ń ta ẹ̀pà oníyẹ̀fun mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá kánjú da ìyẹ̀fun, ó máa dì lọ́tọ̀, ẹ̀pà á wà níhòòhò. Níkẹyìn, wọ́n á yan án nínú ooru bí 450 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ẹ̀wù yìí kì í jẹ́ kí àwọn hóró wúrà lẹ̀ mọ́ra. Wúrà ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ó sì ń ta agbára rẹ̀ fún ẹ̀wù náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀wù bá nípọn jù, agbára yẹn kò ní dé ìta.

Wúrà wọ́n, yíyọ ẹtu kúrò nínú omi sì ṣòro. Nítorí náà, ẹ má ṣe da ọ̀dà sínú omi mímu o! Èyí tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó wa ni ike omi tó mọ́ gaara: ẹ rọ omi tí kò rú sínú rẹ̀, ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí 6, tàbí ọjọ́ 2 bí ojú ọ̀run bá ṣú. Ó ń pa kòkòrò àrùn, àmọ́ kò lè mú oògùn oko kúrò.