Ìròyìn Ìlera Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Lè Mọ Èyí Tí Ó Ṣeé Gbẹ́kẹ̀ Lé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ẹ kì í gbin irúgbìn tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe sí ìròyìn ìlera tí ń wọ inú fóònù yín.

Ní oṣù Keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn pé ẹni tí ó bá mu omi iyọ̀, tí ó sì fi wẹ̀, kò ní kó àrùn náà. Irọ́ ni. Iyọ̀ àpọ̀jù a máa ba ara jẹ́. Ní oṣù Kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn 2 ti ti ipa omi iyọ̀ kú ní Nàìjíríà.

Nítorí náà:

1. Ẹ wo orúkọ ẹni tí ó kọ ìròyìn àti ọjọ́ tí ó kọ ọ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́.

2. Ẹ fi wé ọ̀rọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé tàbí ti NCDC, tí ẹ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ ní 6232.

3. Ẹ̀rọ tí ń ṣírò ìwọ̀n ara kì í ṣe dókítà. Kò mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá, kò sì wà fún aboyún. Ẹ mú èsì rẹ̀ tọ nọ́ọ̀sì lọ.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí yóò yẹ ìròyìn wò kí a tó kà á ní ìpàdé.