Ìlànà Àgbájọ Ọwọ́ nínú Ìtọ́jú Àrùn Ọpọlọ: Iṣẹ́ Thomas Adéoyè Lambo ní Àrò, Abẹ́òkúta

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òwe yìí fi hàn pé ohun tí ó jẹ́ ẹ̀rín fún èrò ọjà lè jẹ́ ẹkún fún òbí àti ẹbí aláìsàn. Àwọn ẹbí yìí gan-an ni ètò ìtọ́jú tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ kò kà sí. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ṣe dá wọn padà sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn ní Àrò láti ọdún 1954, tí ó sì so ohun mẹ́ta pọ̀: ìṣègùn òyìnbó, ìtọ́jú ẹbí, àti òye oníṣègùn ìbílẹ̀.

Ìtọ́jú kí Ìlànà Àrò tó Dé

Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, òfin ni ó ń darí ọ̀rọ̀ aláìsàn ọpọlọ ju ìṣègùn lọ. Òfin ọdún 1916 fún ìjọba láṣẹ láti há irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní Kàlàbá ní ọdún 1904 àti ní Yábàá ní ọdún 1907. Ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Lantoro tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé ìtọ́jú ní ọdún 1944 fún àwọn ọmọ ogun tí ọkàn wọn dàrú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìsémọ́lé ni ó pọ̀ jù ní irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀. Ìwòsàn kò tó nǹkan.

Lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, ẹbí wà nítòsí, egbòogi náà sì wà. Asofẹ́yẹjẹ, tí wọ́n fi ń mú ara aláìsàn balẹ̀, ní èròjà reserpine nínú, èyí tí àwọn dókítà òyìnbó pàápàá lò ní àwọn ọdún 1950. Síbẹ̀, ṣẹkẹṣẹkẹ̀ àti ẹgba wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà méjèèjì ni ó ní àléébù tirẹ̀.

Ìlànà Abúlé

Abẹ́òkúta ni a bí Lambo sí ní ọdún 1923. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ti àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó gba iṣẹ́ ní Àrò, kíkọ́ ilé ìwòsàn náà kò tíì parí. Dípò kí ó dúró de ilé, ó bá àwọn àgbà abúlé tí ó wà nítòsí sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa gba aláìsàn sílé, kí wọ́n sì máa gba owó iyàrá.

Májẹ̀mú kan ni ó ṣe kókó: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, mọ̀lẹ́bí kan gbọ́dọ̀ bá a gbé. Ẹni yìí ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Níbẹ̀ ni aláìsàn ti ń rí dókítà, tí ó ń gba oògùn bíi chlorpromazine tàbí ìtọ́jú tí a ń fi iná mànàmáná ṣe. Bí ọ̀sán bá pọ́n, yóò padà sí abúlé, níbi tí oko, ọjà, ijó àti ìjọsìn wà.

Kí ni ó mú kí ìlànà yìí ṣiṣẹ́? Èkíní, aláìsàn kò sùn láàárín àjèjì. Bí àpẹẹrẹ, abiyamọ tí abísínwín bá ṣe lè ní ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì, mọ̀lẹ́bí ń kọ́ bí a ṣe ń lo oògùn àti àmì tí ó ń fi hàn pé àìsàn fẹ́ padà. Nítorí náà, ìtọ́jú kò parí ní ọjọ́ tí wọ́n bá lọ sílé. Ẹ̀kẹta, àwọn ará abúlé tí ń bá aláìsàn jẹun kì í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Ipò Oníṣègùn Ìbílẹ̀

Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kan síṣẹ́ lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Aláìsàn tí ó gbà pé ayé ni ó ń ṣe òun, tàbí pé àṣàsí ni, kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tí kò mọ ohun tí ayé túmọ̀ sí. Oníṣègùn mọ èdè ìgbàgbọ́ yìí, dókítà sì mọ oògùn. Ìwádìí tí àwọn ará Àrò àti Yunifásítì Cornell jọ ṣe, tí ó jáde ní ìwé ní ọdún 1963, tún fi hàn pé ìmọ̀ Yorùbá nípa àrùn ọpọlọ yẹ fún ẹ̀kọ́ gidi. Lẹ́yìn èyí, Lambo di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 1973 sí 1988. Ó kú ní ọdún 2004.

Ìgúnlẹ̀

Ìlànà Àrò ní ohun tí ó ń náni. Mọ̀lẹ́bí tí ó bá fi oko tàbí ìsọ̀ sílẹ̀ pàdánù owó, ẹni tí ó sì ń gba owó oṣù lè máà rí ààyè rárá. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì di àtijọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin tí gbòǹgbò rẹ̀ ti ọdún 1916 wá. Òfin lè já ṣẹkẹṣẹkẹ̀. Kò lè bá aláìsàn jókòó. Olùkọ́ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti ilé ìwòsàn dé ní ìbéèrè méjì níwájú: ṣé kí ó máa pè é ní wèrè lẹ́yìn, tàbí kí ó bi í pé ta ni yóò bá a lọ ní ọjọ́ tí dókítà dá fún un? Ìbéèrè kejì ni Lambo fi bẹ̀rẹ̀ ìwòsàn.