Gbèsè Ilé-Ìwé Gíga: Ta Ni Ń San Án?

Nígbàkigbà tí èsì ìdánwò JAMB bá jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń gba ẹnu àwọn òbí ní Ìsọlọ̀-Òpin: níbo ni ọmọ yìí yóò lọ? Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń béèrè: Ṣé kò jìnnà? Ṣé ó lórúkọ? Èló ni? Àwa ń fi ìkẹrin kún un lónìí: ta ni ń gbọ́ bùkátà ilé-ìwé náà, ǹjẹ́ owó rẹ̀ sì ń dé lákòókò?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn díẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ẹgbẹ́ Action Group lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ilẹ̀ Òpin wà lábẹ́ Ìlọrin, Ìlọrin sì wà lábẹ́ ìjọba Àríwá. Ètò náà kò kàn án. Èdè kan náà ni ọmọ Òpin àti ọmọ Ọyẹ́ ń sọ, ṣùgbọ́n àpò ìjọba ni ó pín wọn níyà.

Lónìí, ọ̀nà ti pọ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara, tí a dá sílẹ̀ ní Málẹ́tè ní 2009, ti ṣí ẹ̀ka sí Òsì nítòsí rí. Yunifásítì Landmark, tí í ṣe ti ìjọ Living Faith, ti wà ní Òmù-Àrán láti 2011. Ọdún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wà ní Òró. Síbẹ̀, àpò ni ọ̀rọ̀ ṣì wà.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní oṣù márùn-ún ní 2013, fún oṣù mẹ́sàn-án ní 2020, àti fún oṣù mẹ́jọ ní 2022. A kò dá wọn lẹ́bi: adéhùn tí ìjọba bá wọn ṣe ní 2009 wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó san gbèsè náà. Ìyá tí ń ta gààrí kò bọ́ lọ́wọ́ owó yàrá ọmọ rẹ̀ nítorí pé a ti kíláàsì pa. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin di ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Àbúrò ń dúró de ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí ó bá sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó jáde kò lè ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́.

Èyí ni ó mú kí àwọn òbí kan sá lọ sí ilé-ìwé aládàáni. Ṣùgbọ́n owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni ó ń gbé irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ró. Bí ọjà bá wọ́n, owó náà a gòkè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dínkù, ilé-ìwé a mì. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó bọ́ nínú rẹ̀: ní Philadelphia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, University of the Arts kéde ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2024 pé òun yóò kógbá wọlé, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, ó ti ti ìlẹ̀kùn.

Òfin owó-yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́ tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 2024 jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tòótọ́, nítorí kò ní èlé. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ìjọba nìkan ni ó wà fún, gbèsè sì ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹni tí ó bá yá owó láti wọ ilé-ìwé tí àpò rẹ̀ ti jò, gbèsè méjì ni ó wọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè: ǹjẹ́ a ń san owó-oṣù àwọn olùkọ́ déédéé? Ǹjẹ́ ìjọba ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́? Ọdún mélòó ni àwọn tí ó jáde gbẹ̀yìn lò níbẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wọn wádìí, nítorí ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ kì í ṣe òǹwòran. Bí a bá ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun, a máa ń lu ìlù, a máa ń jó. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tí ẹ dìbò fún pé: èló ni a yà sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé náà lọ́dọọdún, èló ni ó sì dé ọwọ́ rẹ̀? Òkúta ìpìlẹ̀ kì í kọ́ ọmọ níwèé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí ó bá sì wó, orí àwọn ọmọ wa ni yóò wó lé.