Nígbà Tí Ẹlẹ́rù Bá Wà Lábẹ́ Òkun

Ẹni tó bá wakọ̀ gba etíkun ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Bonaire ní Òkun Káríbéánì á máa rí àwọn òkúta tí wọ́n kùn ní ọ̀dà yẹ́lò lẹ́bàá títì. Wọ́n kọ orúkọ sára òkúta kọ̀ọ̀kan. Ibi tí òmùwẹ̀ bá ti rí ọ̀kan, ó lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró, kó gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, kó wọ bàtà ìwẹ̀ tó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, kó sì rìn wọnú òkun. Kò nílò ọkọ̀ ojú omi. Kò ní pẹ́ tí á fi bára rẹ̀ láàárín ẹja aláràbarà àti òkìtì iyùn.

Àmọ́, òkúta tó ń júwe ọ̀nà fún òmùwẹ̀ ń júwe rẹ̀ fún olè pẹ̀lú. Bí olè bá ti rí ọkọ̀ tó dá dúró síbẹ̀, ó mọ̀ pé àwọn tó ni ín ti wọ omi. Ó mọ̀ pé wọ́n lè lo ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan kí wọ́n tó jáde. Wọn ò lè rí i, wọn ò sì ní gbọ́ bí gíláàsì ọkọ̀ wọn bá fọ́. Ìdí nìyí tí jíjí ẹrù nínú ọkọ̀ fi jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àlejò nípa rẹ̀ ní erékùṣù náà.

Ìlú tó tòrò

Nǹkan bí 80 kìlómítà ni Bonaire fi jìnnà sí etíkun orílẹ̀-èdè Fẹnẹsúélà. Abẹ́ ìjọba Netherlands ló wà, láti October 10, 2010 ló sì ti di ìjọba ìbílẹ̀ àkànṣe lábẹ́ orílẹ̀-èdè náà. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná. Èdè Papiamentu ni wọ́n ń sọ nílé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ èdè Dutch, Gẹ̀ẹ́sì àti Spanish. Láti 1979 ni wọ́n ti fi òfin dáàbò bo omi tó yí erékùṣù náà ká, kódà wọn kì í jẹ́ kí òmùwẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kó má bàa máa fọwọ́ di iyùn mú. Àlejò tó ń wá wo òkun yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ fi ń jẹun.

Ìlú náà tòrò. Kò sí iná tó ń darí ọkọ̀ ní títì kankan níbẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì máa ń rìn káàkiri bó ṣe wù ú. Ìtòrò yìí gan-an ló máa ń tan àlejò jẹ. Ẹni tí kò jẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì nílùú tirẹ̀ á fi páásípọ́ọ̀tù àti owó sínú ọkọ̀ lẹ́bàá òkun, á ní, “Ta ló máa dé ibí yìí?”

Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í sábà dé gan-an ni olè ń fẹ́. Ní gúúsù erékùṣù náà, ilẹ̀ iyọ̀ ló tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ. Àwọn ẹrú ló ń wa iyọ̀ ibẹ̀ láyé ijọ́un. Àwọn ilé kóńkóló tí wọ́n kọ́ fún wọn ní nǹkan bí ọdún 1850 ṣì wà létí òkun títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé July 1, 1863 ni wọ́n fòpin sí fífi èèyàn ṣe ẹrú ní erékùṣù náà. Ibi méjì tí òmùwẹ̀ fẹ́ràn nítòsí ibẹ̀ ń jẹ́ Red Slave àti White Slave. Kò sí ilé téèyàn ń gbé lágbègbè náà, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù. Ní àríwá, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní 1000 Steps. Àtẹ̀gùn òkúta tó wà níbẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé sílíńdà gùn ún ló mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Òkè ni ọkọ̀ máa ń wà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni omi wà. Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ò lè rí ọkọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ tí wọn kì í tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àmọ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá háyà ọkọ̀ ní Bonaire yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n á ní, “Ẹ má tìlẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí gíláàsì wà nílẹ̀. Ẹ má sì fi nǹkan kan sínú rẹ̀.”

Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Ọkọ̀ tí wọ́n tì pa ń sọ fún olè pé nǹkan wà nínú òun. Á fọ́ gíláàsì kó lè mọ ohun tó jẹ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé gèlè àti omi mímu nìkan ló bá, ẹni tó háyà ọkọ̀ ló máa san owó gíláàsì, ọjọ́ kan nínú ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ á sì bá a lọ. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ tí ibi ìkẹ́rù kékeré tó wà níwájú náà ṣí sílẹ̀, olè á yọjú, á rí i pé òfìfo ni, á sì bá tiẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn yìí wúlò kìkì tí ọkọ̀ bá ṣófo lóòótọ́. Àwọn kan á kó ẹrù sábẹ́ ìjókòó, wọ́n á fi aṣọ ìnura bò ó. Àwọn míì á dúró níbi tí wọ́n ti fẹ́ wọ omi, wọ́n á wá máa kó báàgì sí búùtù níṣojú ẹni tó bá ń wò wọ́n látinú igbó ẹlẹ́gùn-ún. Kò sí ibi ìfipamọ́ nínú ọkọ̀ tí olè tó fi ń ṣiṣẹ́ ṣe ò tíì mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ rí. Orí táyà àti abẹ́ òkúta ni olè máa kọ́kọ́ wò. Àpò aṣọ ìwẹ̀ sì kọ́ ló dára jù, torí omi iyọ̀ máa ń ba kọ́kọ́rọ́ tó ní bátìrì jẹ́. Ṣe ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó háyà ọkọ̀ fún yín bóyá kọ́kọ́rọ́ lásán tí kò ní bátìrì wà. Bí kò bá sí, ẹ ra àpótí kékeré tí omi ò lè wọ̀, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ìsàlẹ̀ òkun, kí ẹ sì so ó mọ́ra.

Ẹ tún fi ọjọ́ kan ka ìwé àdéhùn ọkọ̀ náà dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó adójútòfò tí wọ́n gbà lórí ọkọ̀ ò kan ẹrù tó wà nínú rẹ̀.

Ìbẹ̀rù olè náà lè pani

Owó lè pa dà wá, a sì lè ra kámẹ́rà míì. Ohun tó burú jù ni kí ìbẹ̀rù olè mú kí òmùwẹ̀ ṣe ohun tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé tọkọtaya kan fẹ́ wọ omi, wọ́n wá ní kí ọ̀kan máa ṣọ́ ọkọ̀, kí èkejì dá lọ. Wọ́n ti yẹra fún ewu kékeré, wọ́n sì ti wọnú ńlá. Ọ̀kan lára òfin pàtàkì tí wọ́n ń kọ́ òmùwẹ̀ ni pé kó má ṣe dá wọ abẹ́ òkun. Ẹnì kejì ló máa fún un ní afẹ́fẹ́ bí tirẹ̀ bá tán, òun ló máa bá a tú okùn apẹja tó bá wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lókè ò lè ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Bí wọ́n bá fẹ́ kí èèyàn ṣọ́ ọkọ̀, kí wọ́n jẹ́ mẹ́ta, ó kéré tán.

Ẹlòmíì á wọ omi, ọkàn rẹ̀ á sì wà lọ́dọ̀ fóònù tó fi sílẹ̀. Á gbàgbé láti máa wo afẹ́fẹ́ tó kù nínú sílíńdà, tàbí kó sáré gòkè. Sísáré gòkè yìí léwu gan-an. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní náítírójìn nínú. Bí omi ṣe ń tẹ ara mọ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun, náítírójìn púpọ̀ máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bí òmùwẹ̀ bá rọra gòkè, á bá èémí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá sáré gòkè, ńṣe ló máa hó nínú ara rẹ̀, bí ìgbà téèyàn ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ti mì. Ó lè mú kí oríkèé máa ro ó, ó lè rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé kí òmùwẹ̀ má ṣe gòkè ju nǹkan bíi mítà 9 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú 3 bó bá ku mítà 5 kó yọrí sókè.

Kò tán síbẹ̀ o. Ẹni tó ti wọ abẹ́ òkun lẹ́ẹ̀mélòó kan gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 18, ó kéré tán, kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí olè bá da ètò yín rú, ẹ má torí pé inú ń bí yín sáré wọ ọkọ̀ òfuurufú kí wákàtí yìí tó pé.

Bó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Bí ẹ bá jáde nínú omi tí ẹ sì rí ẹnì kan nídìí ọkọ̀ yín, ẹ má ṣe lé e. Ó ti rẹ̀ yín, ẹrù wúwo wà lẹ́yìn yín, ẹ ò sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pariwo láti òkèèrè, kí ẹ wo bó ṣe rí àti ibi tó gbà, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá. Nọ́ńbà 911 ni wọ́n ń pè ní Bonaire.

Kódà bí ohun tí wọ́n jí ò bá tó nǹkan, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Kralendijk tó jẹ́ olú ìlú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ò ní dá yín lóhùn láìrí ìwé yẹn.

Ọ̀rọ̀ páásípọ́ọ̀tù ló le jù fún ọmọ Nàìjíríà. Kò sí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní erékùṣù náà. Ẹni tí wọ́n bá jí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lè há síbẹ̀ nígbà tí àwọn tó kù nínú ìdílé bá ń pa dà sílé. Nítorí náà, inú séèfù òtẹ́ẹ̀lì ló yẹ kí páásípọ́ọ̀tù máa wà. Ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa mú jáde.

Kí ẹ tó jáde láàárọ̀

• Ẹ kó páásípọ́ọ̀tù, káàdì báńkì, wúrà àti fóònù olówó ńlá sílẹ̀ nílé. Owó tó máa tó yín jẹun lọ́jọ́ náà ni kí ẹ mú dání.

• Ẹni tó bá ń lo oògùn ojoojúmọ́ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì kan ṣoṣo.

• Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ní òtẹ́ẹ̀lì mọ ibi tí ẹ ń lọ àti àkókò tí ẹ máa dé.

• Ẹ yan ibi tí ọkọ̀ míì wà. Bí ẹ bá dé tí ẹ rí gíláàsì fífọ́ nílẹ̀, ẹ kọjá sí òkúta yẹ́lò tó kàn.

• Ẹ má ṣe sá aṣọ ìwẹ̀ àti irinṣẹ́ yín síta mọ́jú. Ẹ kó wọn wọlé.

• Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Báàgì yín á wà lọ́dọ̀ awakọ̀.

Ẹ má torí olè fura sí gbogbo ọmọ ìlú o. Ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì àti ọ̀dọ́kùnrin tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà ń pàdánù pẹ̀lú yín nígbàkigbà tí àlejò bá pinnu pé òun ò ní wá mọ́. Ẹ kí wọn, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tó dáa láti wọ omi lọ́jọ́ náà àti ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ọkọ̀. Wọ́n á sọ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ yín tó ṣófo dúró, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ wọ omi pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.