Àgbá Kékeré Tí Ọta Rẹ̀ Kì Í Sáré

Ẹ bá mi ro nǹkan kan. Ṣebí kí ọta sáré ni gbogbo ẹni tó ń rọ ìbọn ń wá? Kí ló wá dé tí àwọn Jámánì fi ṣe àgbá tí ọta rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́? Ọ̀rọ̀ le.IG 18 ni mo ń sọ, èyí tí iléeṣẹ́ Rheinmetall bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní 1927, tí wọ́n sì gbé wọ Ogun Àgbáyé Kejì.

Ẹ̀mí ló fà á. Bí ìbọn tó ń rọ̀jò ọta bá dá àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀ dúró lójú ogun, àwọn àgbá ńlá wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Kí wọ́n tó ránṣẹ́, kí àwọn yẹn tó dáhùn, òkú ti sùn. Ẹlẹ́sẹ̀ nílò àgbá tiwọn, èyí tí wọ́n lè fọwọ́ tì.

Ibí ni físíìsì ti wọlé. Bí ọta ṣe ń lọ síwájú ló ń ti àgbá sẹ́yìn. Ọta le.IG 18 tó kìlógírámù 6, ó ń fi nǹkan bíi mítà 210 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 1,260. Ẹ wá wo Pak 40, àgbá Jámánì tó ń fọ́ táńkì. Ẹnu àwọn méjèèjì fẹ̀ bákan náà, mìlímítà 75. Ṣùgbọ́n kìlógírámù 6.8 ni ọta tiẹ̀, ó sì ń sá tó mítà 790. Ìyẹn lé ní 5,300, ó ju ìlọ́po 4 lọ! Abájọ tí Pak 40 fi wọn kìlógírámù 1,425, tí le.IG 18 kò ju 400 lọ, bí àpò sìmẹ́ǹtì 8.

Lóòótọ́, ọta rẹ̀ kì í lọ ju nǹkan bíi kìlómítà 3 àbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìrìn jẹ́jẹ́ yẹn wúlò. Wọ́n lè gbé ẹnu rẹ̀ sókè kọjá dígírì 70, kí wọ́n dín ẹ̀tù kù, kí ọta fò kọjá òkè, kó já lu ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ló tiẹ̀ wù mí jù. Ṣé ẹ mọ ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n máa ń tẹ̀ láàárín kí wọ́n tó ki ọta sí i? Wọ́n jọra. Sójà á fa irin kan, ìdí ọ̀pá ìbọn á gbéra sókè, wọ́n á ti ọta wọlé, ó tún padà wálẹ̀.

Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ kan fún orí òkè, tó ṣeé tú palẹ̀ di ẹrù fún ìbaaka. Ẹrù tó wúwo jù níbẹ̀ kò pé kìlógírámù 75.