Noma, àrùn tó ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé: ohun tí ìwádìí àwọn dókítà fi hàn

Bí ìyá kan ní Olúpọ̀nnà, lẹ́bàá Ìwó, bá rí i pé èrìgì ọmọ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹnu ọmọ náà sì ń rùn, ó lè rò pé ọ̀rọ̀ eyín lásán ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìgbóná èéyi tàbí ibà, tí kò sì rí oúnjẹ gidi jẹ, kí ìyá rẹ̀ má fi falẹ̀ o. Ibẹ̀ ni àrùn tí wọ́n ń pè ní noma ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, ohun tó túmọ̀ sí ni kí nǹkan máa jẹ nǹkan bí ẹran ṣe ń jẹ koríko. Àwọn ọmọ ọdún 2 sí 6 ló máa ń mú jù. Láti èrìgì ni yóò ti wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ọ̀sẹ̀ méjì sì tó pé, ihò ti lè lu síta. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, nínú ọmọ 10 tí ó bá mú, ó lè pa tó 9. Kì í ràn, síbẹ̀ inú yàrá ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí nítorí ìtìjú.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àrùn Òkè Ọya nìkan ni. Ní Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Ìwó, oníṣẹ́ abẹ kan, M. N. Tempest, tọ́jú wọn, ó sì kọ ohun tó rí jáde lọ́dún 1966. Lọ́dún 1972, Cyril Enwonwu gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí àrùn yìí mú. Àwọn òyìnbó náà ní in láyé àtijọ́. Ìgbà tí oúnjẹ wọn dára sí i ló lọ, kó tó tún yọjú ní àgọ́ tí àwọn Násì ti ń fi ebi pa ènìyàn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ìwádìí tí ó yẹ kí gbogbo abiyamọ gbọ́ ni èyí tí wọ́n ṣe ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Àríwá Nàìjíríà lọ́dún 2017. Wọ́n kó ẹni 74 tí àrùn náà mú jọ, wọ́n sì wá ẹni 222 tí kò ní in, mẹ́ta sí ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Mímu ẹ̀kọ lójoojúmọ́ wà lára ohun tó jọ pé ó ń fa ewu. Kí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ máa tọ́jú ọmọ sì jọ ohun tó ń dáàbò bò ó. Ẹ má ṣì wá gbọ́: wọn kò sọ pé ẹ̀kọ ló ń dá àrùn sílẹ̀. Lójú tiwa, ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀kọ lásán ló ń mu, tí kò sí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin níbẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ohun tó dunni jù ni pé, nínú aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi kò tó 7 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí wọ́n bá tètè gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, oògùn apakòkòrò, omi ìfọnu àti oúnjẹ aṣaralóore lè dá àrùn náà dúró. Àwọn tó yè é lẹ́yìn tó ti jẹ wọ́n lójú ló ń nílò iṣẹ́ abẹ: àgbọ̀n wọn lè há pinpin, omi tí wọ́n mu a sì máa dà síta. Dókítà kì í fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀; ó di ìgbà tí egbò bá jinná pátápátá, lẹ́yìn oṣù púpọ̀, kí wọ́n tó gé ẹran ara láti ibòmíràn dí ihò náà, ẹ̀ẹ̀kan kì í sì í sábà tó. Ilé ìwòsàn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un ní Ṣókótó lọ́dún 1999 ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní MSF sì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́dún 2014.

Nàìjíríà ló ṣáájú àwọn tó bẹ̀bẹ̀ títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kọ noma mọ́ àwọn àrùn tí ayé pa tì, ní ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 2023. Èyí lè mú kó rọrùn láti rí owó ìwádìí, nítorí kòkòrò tó ń fà á gan-an kò tíì yé àwọn onímọ̀ tán.