Bí A Ti Ń Bọ̀wọ̀ fún Oníṣòwò Jàpáànù

Ta ni kò mọ alùpùpù Honda ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà? Ní Jàpáànù ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1948. Bí ẹ bá fẹ́ lọ bá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dòwò pọ̀ ní ìlú wọn, ẹ rántí pé bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Ìkíni: Ní ààfin Olúbàkà ní Ọ̀kà, ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ Jàpáànù, ìdúró ni wọ́n ti ń tẹríba fún ara wọn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Orúkọ: Àwa kì í pe àgbà ní orúkọ lásán. Àwọn náà a máa fi “san” kún orúkọ ìdílé, bíi Tanaka-san.

Káàdì: Wọn yóò fún yín ní káàdì tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbà á. Ẹ kà á, kí ẹ sì gbé e sórí tábìlì. Ẹ má kì í bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, àbùkù ni.

Ọ̀rọ̀: “Hai” ni wọ́n ń pe “bẹ́ẹ̀ ni.” Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, “mo ń gbọ́” lásán ni. Ẹ má tìtorí rẹ̀ lọ yáwó. Ẹ dúró kí wọ́n fọwọ́ síwèé ná.

Ọjà lè dára, owó sì lè pé. Bí kò bá sí ọ̀wọ̀, òwò lè bàjẹ́.